Ìdámẹ́wàá àti Sàká: Èwo Ló Wúwo Jù Lápò?

Ẹni tó ń gba ₦100,000 lóṣù, tó sì ń san ìdámẹ́wàá, ₦10,000 ti kúrò níbẹ̀ kó tó ra gààrì. Sàká kì í wo owó oṣù tó wọlé. Èyí tó kù nílẹ̀ ló ń wò. Ó di ìgbà tó bá lo ọdún kan lọ́wọ́ ẹni, ọdún òṣùpá o, tó sì tó owó wúrà gíráàmù 85, kí a tó yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń ná an tán lóṣooṣù kò jẹ sàká kankan. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni sàká ti ṣàánú mẹ̀kúnnù jù.

Ti àgbẹ̀ yàtọ̀ ṣá: irè oko tí òjò bomi rin, ìdá kan nínú mẹ́wàá náà ni sàká rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló fi wàhálà bomi rin ín, ó di ìdajì ìyẹn.

Ta ló ń gbà á? Kùránì 9:60 ka oríṣi ènìyàn mẹ́jọ, tálákà ló ṣáájú. Ìdámẹ́wàá sábà máa ń wọ àpò ìjọ, bẹ́ẹ̀ Diutarónómì 14 dárúkọ àlejò, ọmọ òrukàn àti opó pẹ̀lú ọmọ Léfì, ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ ìsìn nínú tẹ́ḿpìlì. Ẹsẹ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ dún lẹ́nu oníwàásù bíi Málákì 3:10, èyí tó ní ká kó gbogbo ìdámẹ́wàá wá sí ilé ìṣúra.