Coilover tá a fúnra wa dè sábẹ́ MX-5: ó dáa, àmọ́ bóòtù lẹ máa bá jà

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó ka gbogbo ẹ̀ tán: coilover yìí, ìyẹn ṣọ́ọ̀kì tí sípíríǹgì yí ká, tó ṣeé fi gbé ọkọ̀ sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, dáa fún iye tí wọ́n ń tà á, tó bá di pé kí n rà á lẹ́ẹ̀kan sí i, màá rà á. Àmọ́ tẹ́ ò bá lọ́rẹ̀ẹ́ tó máa wá bá yín nawọ́ sí i, ẹ má dán an wò níwájú ilé yín o. Coilover gan-an kọ́ ló máa dá yín lágara, àwọn bóòtù tó ti wà nídìí ọkọ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ni.

Mazda MX-5 ni ọkọ̀ tèmi, èyí táwọn ará Ìlú Ọba níbí ń pè ní Mk2, wọ́n ṣe é láàárín 1998 sí 2005, ẹ́ńjìnì 1.8 ló wà nínú tèmi. Ẹni méjì péré ló ń gbà, òrùlé ẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì ń yí. Àwọn èèyàn mi l'Ékòó rí fọ́tò ẹ̀, wọ́n ní ṣé mọ́tò ọmọdé ni, ibo ni màá kó ẹrù sí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ẹni tó ni ín kó tó kàn mí ti ki sípíríǹgì kúkurú bọ̀ ọ́ lábẹ́, ó ti pààrọ̀ sàlẹ́ńsà, ó ti fi rim míì sí i, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ ló fi sílẹ̀ lábẹ́ sípíríǹgì kúkurú yẹn, àwọn méjèèjì ò sì bára wọn mu rárá, ní South-East London tí mò ń gbé yìí ẹ sì mọ bí speed bump ṣe pọ̀ tó, tí mo bá ti gun ọ̀kan báyìí, ìdí ọkọ̀ á gbá gbàà, eyín èèyàn á pàdé lẹ́nu. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ ra coilover.

Taiwan ni wọ́n ti ṣe é, bíi ti ọ̀pọ̀ coilover tówó ẹ̀ ò tó 1,000 pọ́n-ùn. Èyí lé díẹ̀ ní 700. Ohun tó wà nínú páálí ni ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin tí wọ́n ti to sípíríǹgì àti top mount (irin tó dè é mọ́ ara ọkọ̀ lókè) sí, sípánà méjì tó ní ìkọ́ tí wọ́n fi ń yí kọ́là ara ẹ̀ (òrùka tó ń pinnu bí ọkọ̀ ṣe ga tó), àti bébà kékeré kan tí wọ́n ní ìlànà ló wà níbẹ̀. Ìlànà kẹ̀? Àwòrán mẹ́ta àti ìkìlọ̀ pé kí mẹkáníìkì bá wa ṣe é.

Ó dáa, mẹkáníìkì wà. Ẹ̀gbọ́n kan ni, wọ́n ṣiṣẹ́ mọ́tò n'Íbàdàn kí wọ́n tó wá síbí, iṣẹ́ míì ni wọ́n ń ṣe báyìí àmọ́ ọwọ́ wọn ò tíì gbàgbé. Iwájú ilé wọn la ti ṣe é torí kọ́ńkéré ibẹ̀ tẹ́jú. Ẹnì kejì ni ọ̀rẹ́ mi tó ń wa bọ́ọ̀sì, òun ò mọ bóòtù yàtọ̀ sí nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe tiẹ̀ à bá ṣì wà níbẹ̀ títí di báyìí. Tẹ́ ẹ bá ti tú apá ọkọ̀ sílẹ̀, ìyẹn irin tó so ibi tí táyà wà mọ́ ara ọkọ̀, gbogbo hub yẹn (ibi tí wọ́n ń de táyà mọ́) á fẹ́ fi róbà bírékì rọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e dúró kó má fà á ya, ẹni yẹn náà ló máa máa sún un sọ́tùn-ún sósì títí ihò á fi bá ihò dọ́gba kí bóòtù lè wọlé. Ẹni tó dá nìkan wà kò lè ṣe é, àfi tó bá lọ́wọ́ mẹ́ta. Kẹ́ ẹ sì gbọ́ o, jáàkì nìkan ò tó, ẹ fi axle stand (irin ẹlẹ́sẹ̀ tó ń gbé ọkọ̀ dúró) sábẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ abẹ́ ọkọ̀.

Iwájú rọrùn. Ẹ tú bóòtù gígùn tó gba inú apá òkè kọjá, ẹ gbé apá yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣọ́ọ̀kì á jáde wẹ́rẹ́.

Ẹ̀yìn ńkọ́? Bóòtù gígùn kan wà tó so apá ìsàlẹ̀ mọ́ hub, gbogbo ẹni tó ti tún ọkọ̀ yìí ṣe rí ní Ìlú Ọba ló mọ̀ ọ́n, torí iyọ̀ tí káńsù máa ń dà sójú títì nígbà òtútù ti wọnú ẹ̀ lọ́dọọdún, ó ti dógùn-ún mọ́ páìpù tó wà nínú bush (róbà tó wà lójú ihò apá ọkọ̀), ó ti gan pa. Látìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ti ń fín òróró sí i lálaalẹ́. Nọ́ọ̀tì ẹ̀ tú láìjanpata, bóòtù fúnra ẹ̀ ò mì. Mo gbé hámà, ẹ̀gbọ́n ní, "Dúró ńbẹ̀. Dá nọ́ọ̀tì yẹn padà sórí ẹ̀ kó o tó lù ú, àbí o fẹ́ fọ́ eyín ẹ̀ ni?" Mo dá a padà. Wọ́n wá tan iná gáàsì sí irin tó yí i ká, kì í ṣe bóòtù o, irin tó yí i ká kó lè fẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní kí n má fa sípánà lọ sápá kan ṣoṣo, kí n máa yí i lọ kí n máa yí i bọ̀. Ó pẹ́ kó tó ké kíìn. Ìdógùn-ún pupa ń ya bọ́ bíi gaàrí. Tápá kejì kọ̀ jálẹ̀, ayùn irin la fi gé e, mo sì ti ra bóòtù tuntun sílẹ̀ torí ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ rà á sílẹ̀, kò wọ́n. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n gbé ẹ̀wà àgànyìn jáde lásìkò yẹn gan-an, Ọlọ́run ló rán wọn.

Ohun kan tí bébà inú páálí ò sọ rèé o, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀: ẹ má fún bóòtù apá ọkọ̀ le nígbà tí táyà ṣì wà lókè. Róbà inú bush lẹ̀ mọ́ irin, tẹ́ ẹ bá fún un nígbà tí apá ṣì ń rọ̀, táyà bá wá balẹ̀, róbà á lọ́ sínú ara ẹ̀, ọkọ̀ á jókòó sókè, kò sì ní pẹ́ tí bush á fi ya. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná kó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ dúró, kẹ́ ẹ tó fún un. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ wọn bó ṣe ga tó, àárín rim sí etí fẹ́ńdà ni kẹ́ ẹ wọ̀n, ẹ má wọ̀n ọ́n látilẹ̀, torí táyà tó jẹ ju èkejì lọ á ṣì yín lọ́nà.

Báwo ló ṣe wá ń rìn? Ó dùn! Ìpele 32 ni wọ́n lè fi yí bó ṣe le tó, mo fi sí ibi tó rọ̀ díẹ̀ ju àárín lọ torí ọkọ̀ yìí ò wúwo, ìwúwo ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,000 kg lọ, kò nílò kó le gbagidi. Mo gbé e gba títì A20 lọ sọ́nà Brands Hatch, pápá tí wọ́n ti ń fi mọ́tò sáré ìje, mo wá já sí àwọn ọ̀nà tóóró inú Kent, kọ́nà tó máa ń dà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, ó gbà á láìyẹ̀. Speed bump ṣì ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kò bú mi mọ́. Tọ́kọ̀ bá tutù lówùúrọ̀, ẹ̀yìn máa ń dún kọ̀ kọ̀ díẹ̀, ìyẹn ò wù mí. Ẹ gbé e lọ ṣe alignment lẹ́yìn ẹ̀ dandan, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣeé tún camber (bó ṣe tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́) àti toe (ibi tó kọjú sí) wọn ṣe lára ọkọ̀ yìí, kò sì dọ́gba mọ́ tẹ́ ẹ bá ti yí gíga ẹ̀ padà. Kẹ́ ẹ sọ fún insurance yín náà, kí wọ́n má baà rí àwáwí lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Gáréèjì kan ní 450 lòun máa gbà fún iṣẹ́ yìí, ìyẹn tí bóòtù bá tú o, tí ò bá tú, àfikún wà. Ó yé mi ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ báyìí, àmọ́ mi ò ní san án.

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ọkọ̀ yìí, ẹ má wo rim, ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tẹ sill (irin abẹ́ ilẹ̀kùn) tó wà níwájú táyà ẹ̀yìn, torí tí ihò omi òrùlé ẹ̀ bá ti dí, ibẹ̀ lomi ń lọ, á sì jẹ ẹ́ látinú. Coilover ò lè wo ìyẹn sàn.

Ẹ̀sùn mi tó kù ni sípánà oníkọ̀ọ́ yẹn. Irin ẹ̀ rọ̀ jù, táyà ẹ̀yìn la wà tí ọ̀kan fi tẹ̀, èyí tó kù la fi parí iṣẹ́. Kọ́là yẹn sì jẹ́ àlùmíníọ́mù lórí irin, tẹ́ ò bá fi gírísì pa á kí òtútù tó dé, iyọ̀ á gan án pa ni. Mo ti kọ̀wé sáwọn tó tà á fún mi nípa sípánà náà, wọ́n ní àwọn á fi òmíràn ránṣẹ́, mo ṣì ń retí ẹ̀.