Jíìpù nínú iyanrìn àti lórí òkúta: kí a pa traction control (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà yí lásán), tàbí kí a fi í sílẹ̀?

Nínú iyanrìn jíjìn, irú èyí tó wà ní aginjù Dubai, pípa á ló sábà máa ń sàn jù, nítorí pé bí táyà bá ti ń yí lásán, ẹ̀rọ náà á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, á sì tún tẹ bíréèkì, nígbà tó jẹ́ pé eré tí kò já ni ọkọ̀ nílò kó má baà rì. Lórí òkúta, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: bí táyà kan bá gbé sókè, bíréèkì tí ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ ọn ló ń darí agbára sí ìkejì rẹ̀ tó tẹ ilẹ̀, nítorí náà ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní diff lock (ohun tó ń so táyà méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa yí) kò gbọdọ̀ pa á.

Kò sí èyí tó ń náni lówó, ṣùgbọ́n fífi í sílẹ̀ nínú iyanrìn lè mú bíréèkì gbóná, pípa á sì lè jẹ́ kí awakọ̀ tó ń tẹ eré mọ́lẹ̀ jù gbẹ́ kòtò fún táyà ara rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, títẹ bọ́tìnì fẹ́rẹ́ ń pa traction control nìkan. Bí a bá dúró, tí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà níbi tí ọ̀nà ti yí yóò kú pẹ̀lú. Pípa méjèèjì yẹ iyanrìn gbalasa tàbí ẹrọ̀fọ̀ jíjìn. Kò yẹ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ títì ọlọ́dà tí òjò rin.