Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra vacuum pump ní Ìlọrin: ẹ má sanwó nítorí pé ọwọ́ géèjì wálẹ̀

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti gbogbo apá gúúsù Kwara, àti ẹ̀yin alábòójútó ilé ìtura, ilé ìfowópamọ́ àti gbọ̀ngàn ayẹyẹ tí ẹ máa ń ra irinṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín, mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra gidigidi fún àwọn vacuum pump kan, ìyẹn pọ́ǹpù tí a fi ń fa afẹ́fẹ́ àti omi jáde nínú páìpù ẹ̀rọ amúlétutù kí gáàsì tó wọlé, tó gba ìgboro lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Wọ́n ń tà wọ́n gẹ́gẹ́ bíi tuntun onípele méjì, èyí tó ní ilé ìfà méjì nínú, tí àwọn ará ọjà ń pè ní double stage, ṣùgbọ́n òmíràn nínú wọn jẹ́ onípele kan tí wọ́n lẹ lébẹ̀lì mìíràn mọ́ lára, òmíràn sì jẹ́ tòkunbọ̀ tó ti gbó tí wọ́n kàn kùn ní ọ̀dà. Iye tí wọ́n ń gbà lórí wọn kò jìnnà sí iye ojúlówó, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi fura, nítorí ohun tó ti mọ́ wa lára ni pé owó pọ́ọ́kú ni a fi ń dá ayédèrú mọ̀.

Ohun tó mú mi kọ èyí ni ti ọ̀rẹ́ mi kan tó gba iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ilé ọ́fíìsì alájà mẹ́rin kan nínú ìlú yìí. Pọ́ǹpù tó ń lò tẹ́lẹ̀ kéré fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí páìpù ilé ńlá máa ń gùn, ẹ̀ka rẹ̀ a sì pọ̀, ó sì pinnu láti ra onípele méjì tó tóbi jù ú lọ. Orí WhatsApp ló ti rí ọjà náà. Ọkùnrin tó ń tà á kì í ṣe àlejò láàárín wa. Ó máa ń gbé àwòrán irinṣẹ́ sórí status rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn ún ròfọ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ àwọn àgbà, àti pé òun nìkan kọ́ ló ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe fi ọjà náà hàn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n jìbìtì yìí wà. Ó ki pọ́ǹpù mọ́ iná, ó de okùn yẹ́lò géèjì mọ́ ẹnu rẹ̀, ó dí ẹnu okùn búlúù, ó ṣí fáàfù, ó sì tan pọ́ǹpù. Kí èèyàn tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ géèjì búlúù ti kọjá òdo lọ sẹ́yìn, ó ti dúró lórí 30. Ó wá ní kí ọ̀rẹ́ mi yọ okùn náà kúrò, kí ó fi àtàǹpàkò dí ẹnu pọ́ǹpù. Nígbà tí pọ́ǹpù fa àtàǹpàkò mọ́ra, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àlàájì, ẹ̀yin náà ẹ rí i. Ṣé ayédèrú ló ń fà báyìí?" Ọ̀rẹ́ mi sanwó, wọ́n fún un ní rìsíìtì tí kò sí ohun mìíràn lórí rẹ̀ ju "1 vacuum pump" lọ, ó sì gbé ọjà rẹ̀ lọ.

Gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe kò fi nǹkan kan hàn ju pé mọ́tò pọ́ǹpù náà ń yí lọ. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí a tú kúrò lẹ́yìn fíríìjì àtijọ́ lè fa ọwọ́ géèjì dé tòsí ibẹ̀ yẹn. Géèjì tí a fi ń gba gáàsì sínú ẹ̀rọ kò wà fún wíwọn òfìfo (vacuum) tó jinlẹ̀. Láti òdo dé 30 lórí rẹ̀, gbogbo ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ayé ló dúró fún, èyí tó tó 760,000 micron (ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ìtẹ̀) ní etí òkun. Bí a bá pín in sí ọgbọ̀n ààmì tó wà níbẹ̀, ààmì kan ṣoṣo jẹ́ nǹkan bí 25,400 micron. Bẹ́ẹ̀, ohun tí iṣẹ́ wa ń béèrè ni kí inú páìpù wá sí 500 micron tàbí kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí kò tó ìdá kan nínú àádọ́ta ààmì kan. Ọwọ́ géèjì fúnra rẹ̀ nípọn ju ibi tí a fẹ́ wò lọ. Ẹni tó bá ń fi irú géèjì bẹ́ẹ̀ yẹ vacuum pump wò, kóńgò gààrí ló fi ń wọn wúrà.

Omi tó wà nínú páìpù ni a sì ń lé, kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan. Omi kò ní jáde níbẹ̀ àfi tó bá hó di oru, bí a bá sì ṣe ń dín ìtẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ kù ni yóò máa hó nínú ooru tó kéré sí i. Bí ìtẹ̀ bá kù sí 25,400 micron, nǹkan bí 26°C ni omi máa ń hó. Lọ́sàn-án oṣù kẹta ní Ìlọrin, èyí lè ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ ọyẹ́, tàbí lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, omi náà yóò jókòó síbi tó wà, ọwọ́ géèjì yóò sì máa tàn wá pé gbogbo rẹ̀ ti gbẹ. Bí ìtẹ̀ bá wá sí 500 micron, omi á hó kódà nínú òtútù tó tó ìwọ̀n 24 sísàlẹ̀ òdo, kò sì sí ibi tí yóò sá pamọ́ sí.

Ọ́ìlì tó wà nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì R-410A, èyí tí wọ́n ń pè ní POE, máa ń fa omi mọ́ra gan-an. Omi tó bá ti wọ inú rẹ̀, ó ṣòro kí vacuum lè yọ ọ́ mọ́. Omi àti ọ́ìlì yẹn á di ásíìdì, ásíìdì á máa jẹ wáyà mọ́tò díẹ̀díẹ̀ títí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á fi jó. Èyí kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá parí iṣẹ́. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ á tan, yàrá á tutù, oníṣẹ́ á gba owó rẹ̀, onílé á dúpẹ́. Nígbà tí oṣù mélòó kan bá kọjá tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá jó, ta ni yóò rántí pọ́ǹpù? Wọ́n á ní oníṣẹ́ kò mọṣẹ́, tàbí pé iná NEPA ló bà á jẹ́, nígbà tí ẹni tó ta pọ́ǹpù á ti ta òmíràn fún ẹlòmíràn. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kí jìbìtì yìí pẹ́ nílẹ̀ nìyẹn, ju àìmọ̀kan àwọn tó ń rà á lọ.

Ohun tó yọ ọ̀rẹ́ mi ni pé alábòójútó ilé náà ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ohun tí micron gauge, ìyẹn géèjì tó ń ka micron, bá sọ kí gáàsì tó wọlé. Pọ́ǹpù náà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí oòrùn fi kọjá àtàrí, kò sọ̀ kalẹ̀ ju 2,000 lọ. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé páìpù ń jò, wọ́n fi gáàsì nitrogen yẹ gbogbo ojú ìsopọ̀ wò, kò sí èyí tó jò. Ìgbà tí wọ́n de micron gauge mọ́ ẹnu pọ́ǹpù tààrà, láìsí páìpù, láìsí okùn gígùn, ni àṣírí tú: òun nìkan náà kò lè sọ̀ kalẹ̀ ju 1,800 lọ. Wọ́n fi èékánná họ etí lébẹ̀lì, òmíràn yọ lábẹ́ rẹ̀, onípele kan ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìwọ̀n ìfà rẹ̀ sì kéré sí ti òkè. Ọ́ìlì tí wọ́n dà jáde nínú rẹ̀ dúdú, òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń mú jáde. Nígbà tí wọ́n pe ẹni tó tà á, ó ní wọ́n ti lò ó nílòkulò, pé òun tan án lójú wọn kí wọ́n tó sanwó. Lẹ́yìn ìyẹn ló dí nọ́ńbà wọn.

Nítorí náà, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ ṣe ṣáájú, nínú ṣọ́ọ̀bù, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ mú micron gauge tiyín lọ. Bí ẹ kò bá ní, ẹ yá a lọ́wọ́ ẹni tó ní. Ẹ sọ pé kí wọ́n yí ọ́ìlì pọ́ǹpù padà sí èyí tó jẹ́ ti vacuum pump, kí ọ́ìlì náà mọ́ gaara nínú gíláàsì ìwòran rẹ̀, kí ẹ tó de gauge mọ́ ẹnu rẹ̀ tààrà kí ẹ sì tan án. Onípele méjì tó jẹ́ ojúlówó yẹ kó lọ sísàlẹ̀ 100 micron láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn tó dára a sì máa dé 50 tàbí kí wọ́n kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí olùtajà bá ní kò sí àyè fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, tàbí pé kò sẹ́ni tó béèrè irú rẹ̀ rí lọ́wọ́ òun, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Àwọn olùtajà wà ní Ìlọrin níbí tí wọ́n á fún yín ní àga kí ẹ jókòó ṣe é, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹ ó fi máa bẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ fara balẹ̀ ka lébẹ̀lì. Pọ́ǹpù tí yóò ṣiṣẹ́ dáadáa lórí iná wa gbọ́dọ̀ ní 220 sí 240 volt àti 50 Hz, irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń yí ní nǹkan bí ìgbà 1,440 láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tí wọ́n kọ 115 volt àti 60 Hz sí lára, Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, yóò sì jó bí a bá kì í mọ́ iná ilé wa. Nínú àwọn pọ́ǹpù kan tó ń ti Ṣáínà wá, nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó wà nínú orúkọ irú pọ́ǹpù náà ló ń fi ìpele rẹ̀ hàn, 1 fún onípele kan àti 2 fún onípele méjì. Ẹ wò ó bóyá ohun tó wà lára irin, ohun tó wà lórí páálí àti ohun tó wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà bá ara wọn mu. Onípele méjì máa ń wúwo, ó sì máa ń gùn ju onípele kan tó ní ìwọ̀n ìfà kan náà lọ, nítorí pé ilé ìfà méjì ló wà nínú rẹ̀, tí èkínní ń fà fún èkejì. Ẹ wo orí àwọn ìdè rẹ̀, ìyẹn skúrù, pẹ̀lú: bí ọ̀dà bá wọ inú ojú tí a ń ki screwdriver sí, tàbí tí ojú náà bá ti jẹ, a ti tú pọ́ǹpù náà rí.

Ohun kan wà tí mo rí i pé àwọn tó ń rà kì í sábà béèrè, bẹ́ẹ̀ ó ṣe pàtàkì ní ìlú tí iná ti lè lọ nígbàkígbà. Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tí pọ́ǹpù ń fà lọ́wọ́, òfìfo tó wà nínú páìpù lè fa ọ́ìlì pọ́ǹpù wọ inú ẹ̀rọ oníbàárà. Pọ́ǹpù tó dára ní fáàfù tó ń ti ara rẹ̀ pa láti dènà èyí. Nínú àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n kùn, ó ti lè bàjẹ́. Ẹ dán an wò: bí micron gauge bá ti wálẹ̀ dáadáa, ẹ yọ pọ́ǹpù lára iná lójijì. Bí gauge bá fò sókè lọ́gán, fáàfù náà kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ lórí R-32, tó lè gbiná, kò gbọdọ̀ lo pọ́ǹpù tí kò sí ẹ̀rí pé ó bá irú gáàsì bẹ́ẹ̀ mu, nítorí bọ́tìnnì tó ń ta iná pọ́n-ún kì í ṣe eré níbẹ̀.

Ní ti ọjà tí wọ́n fi wáyábíìlì ránṣẹ́ láti Èkó sí gáréèjì, tí wọ́n ní kí ẹ fi gbogbo owó ránṣẹ́ kí ọkọ̀ tó gbéra, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má rà á bẹ́ẹ̀. Bí ó bá di dandan, ẹ jẹ́ kí olùtajà kọ ọ́ lórí rìsíìtì pé onípele méjì ni, pé tuntun ni, kí ó kọ ìwọ̀n ìfà rẹ̀ àti iye micron tó yẹ kó dé. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń pè ní ti 2018, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ lórí ọjà tí kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu, àjọ FCCPC ló sì ń mójú tó o, ṣùgbọ́n rìsíìtì tí wọ́n kọ "1 vacuum pump" sí kò ṣàpèjúwe ohunkóhun tí ẹ lè gbé dé iwájú ẹnikẹ́ni.

Mi ò sọ pé onípele kan kò wúlò. Fún ẹ̀rọ kékeré inú yàrá, tí páìpù rẹ̀ kúrú, onípele kan tó pé, tí ọ́ìlì rẹ̀ sì mọ́, lè ṣiṣẹ́ náà bí a bá fún un ní àkókò tó tó. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n gba owó onípele méjì lórí rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí èèyàn gbé e lọ síbi ilé alájà mẹ́rin.

Èyí tí ọ̀rẹ́ mi rà jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ọ̀dà rẹ̀ ń dán ju àwọn ìdè rẹ̀ lọ, rọ́bà ìdìmú rẹ̀ ti fẹ́, lébẹ̀lì rẹ̀ kò sì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kankan. Mo ti gbọ́ pé aláwọ̀ pupa tún wà. Ẹni tó bá ti ra irú rẹ̀, kí ó ya àwòrán lébẹ̀lì méjèèjì, kí ó ya pọ́ǹpù náà pẹ̀lú micron gauge lẹ́nu rẹ̀ nínú àwòrán kan ṣoṣo, kí ó sì ya àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun àti olùtajà jọ sọ lórí WhatsApp lónìí, kí ẹni yẹn tó pa tirẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó pe olùtajà náà.