Megger MIT525: mẹ́gà 5kV tó máa ń tètè tú àṣírí insulation tó ti ń bàjẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ iná ńlá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fọwọ́ kan mọ́tò iná 11kV, kébù 33kV àti tiransifọ́mà ilé-iṣẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń lo Megger MIT525 yìí, ẹ̀rọ tá a fi ń wọn insulation (ohun tó bo wáyà kí iná má baà jò), àwọn èèyàn sì máa ń bi mí pé ṣé ó tó owó tí wọ́n ń tà á. Ó tó o, dáadáa.

Mẹ́gà kékeré 1000V tó wà nínú àpò irinṣẹ́ gbogbo wa, iṣẹ́ iná ilé ló dáa fún. Tẹ́ ẹ bá fi wọn mọ́tò 11kV, ó lè sọ fún yín pé kò sí wàhálà nígbà tó jẹ́ pé 1000V ò lágbára tó láti fi ibi tó ti ń kú hàn. MIT525 máa gbé 5000V jáde, ó sì lè ka insulation títí dé 10 teraohm, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́wàá megohm (ohm la fi ń wọn bí insulation ṣe ń dènà iná tó, bó bá ṣe ga tó ló ṣe dáa tó).

Àmọ́ PI (polarization index) ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wò ó, tí insulation bá gbẹ tó sì mọ́, tẹ́ ẹ bá fún un níná, nọ́ńbà tó máa kọ́kọ́ gbé wá á kéré, lẹ́yìn náà á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ torí ara insulation yẹn ṣì ń fa iná mu. Tí omi tàbí ìdọ̀tí bá ti wọ̀ ọ́, iná tó ń jò ló máa borí, nọ́ńbà á kàn dúró sójú kan. PI máa mú ti ìṣẹ́jú kẹwàá, á fi ti ìṣẹ́jú kìíní pín in, ìlànà IEEE 43, èyí tí wọ́n kọ lórí wíwọn insulation mọ́tò, sì ní kó má dín sí 2 fún mọ́tò class B, F àti H (class ni ìpele ooru tí insulation lè fara dà). Ká ní mọ́tò kan gbé 300 megohm wá ní ìṣẹ́jú kìíní, ẹ máa ní ó kúkú ti ju 100 tí ìlànà ní kó jẹ́ lọ, tó bá wá jẹ́ 320 ló kà ní ìṣẹ́jú kẹwàá ńkọ́? PI ẹ̀ ò ju 1.07 lọ nìyẹn, ẹ má tan iná sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un gbẹ kó tó jó. (Tó bá ti kọjá 5000 megohm ní ìṣẹ́jú kìíní, ẹ má da ara yín láàmú lórí PI.) Ẹ̀rọ yìí ló ń ṣe gbogbo ìṣirò yẹn fúnra ẹ̀.

Ó ní guard pẹ̀lú, wáyà búlúù yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa lò ó, pàápàá lásìkò òjò tí omi máa ń wà lára bushing (ohun tí wáyà gbà kọjá lára tiransifọ́mà), torí á yọ iná tó ń gba ojú ara lọ kúrò, ohun tẹ́ ẹ máa kà á wá jẹ́ ti inú gan-an.

Mẹ́mórì ẹ̀ náà ṣe pàtàkì, ó máa ń kọ déètì àti àsìkò sí i. Nọ́ńbà ọdún yìí nìkan ò sọ púpọ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èṣí kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń já wálẹ̀. Ẹ kọ bí ara mọ́tò ṣe gbóná tó sílẹ̀ o, torí tó bá fi 10°C gbóná sí i, nọ́ńbà máa já sí nǹkan bí ìdajì láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́.

Tẹ́ ẹ bá parí, á tú iná tó kù síbẹ̀ dànù fúnra ẹ̀, á sì fi iye tó kù hàn yín lójú ẹ̀, síbẹ̀ tó bá jẹ́ kébù gígùn tàbí mọ́tò ńlá, ẹ so ó mọ́ ilẹ̀ fún ìlọ́po mẹ́rin àsìkò tẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, iná yẹn ń pani.

Ibi tí ò dé: ẹ gbọ́dọ̀ pa iná kẹ́ ẹ tó lò ó, DC ló sì ń gbé jáde, kò lè rí ihò kéékèèké tó ń ta iná nínú kébù XLPE (èyí tí insulation ẹ̀ jẹ́ irú ike kan), ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ partial discharge. Ẹ tún chájì ẹ̀ láti alẹ́, ó lè fi iná ògiri ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ ti pa iná, níbo lẹ fẹ́ ti rí i?

Tówó ò bá tó, MIT515 ní PI, mẹ́mórì ni ò ní. Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ bèèrè ìwé calibration ẹ̀ (ìwé tó fi hàn pé nọ́ńbà tó ń kà péye) kẹ́ ẹ tó sanwó.