Ilé Olódi Tí Wọ́n Ń Tà ní Umbria: Ògiri Rẹ̀ Dára, Ìwé Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Béèrè

Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ilé náà dára, àwọn tó tún un ṣe sì mọṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá ra ilé olódi ayé àtijọ́ ní Ítálì kì í dá a rà. Ìjọba jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, àgbẹ̀ tí ẹ jọ pààlà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń wá a. Wọ́n máa ń bá àwọn ọmọ wa tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní Ítálì ṣètò àríyá, ó sì ti sú wọn láti máa háyà ilé onílé. Èmi tí mò ń gbé ní Perugia, olú ìlú Umbria, tí mo gbọ́ èdè Ítálì, ni wọ́n ní kí n sin àwọn lọ. Orí òkè kan lápá Gubbio ni ilé náà wà, pẹ̀lú igbó, oko ólífì, àti ilé àwọn alágbàro àtijọ́ tí wọ́n ti sọ di ilé àlejò. Owó tí wọ́n ń pè lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta yúrò.

Ẹ jẹ́ kí n ti ara ògiri bẹ̀rẹ̀. Mo dúró nínú yàrá, mo na apá mi gbọọrọ sójú fèrèsé, ìka mi ò kan gíláàsì. Bó ṣe nípọn tó nìyẹn. Òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, ẹfun òkúta sísun ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀, irú ẹfun yẹn náà sì ni àwọn tó tún un ṣe lò. Simẹ́ńtì kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin rọ́nà jáde nínú irú ògiri bẹ́ẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti fi simẹ́ńtì rẹ́ ẹ, lábẹ́ àtẹ̀gùn tó lọ sí yàrá wáìnì, ti wú, ó ń ṣí bọ́ bí èépá. Mo fọwọ́ kàn án, iyọ̀ funfun lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Lókè, irin gbọọrọ gba inú yàrá kọjá láti ògiri dé ògiri, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ dè é níta. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé aṣọ ni wọ́n ń sá sí i. Irin yẹn ni kì í jẹ́ kí ògiri ya nígbà tí ilẹ̀ bá mì, Umbria kì í sì í ṣe ibi tí èèyàn ń fi ìyẹn ṣeré. Ìmìtìtì ilẹ̀ September 1997 já apá kan nínú àjà ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Assisi lulẹ̀, ó pa èèyàn mẹ́rin. Ti October 30, 2016 wó ṣọ́ọ̀ṣì Benedict Mímọ́ ní Norcia, ojú iwájú rẹ̀ ló kù tó dúró. Nítorí náà, ẹ béèrè ìwé ẹnjiníà tó yẹ irin náà wò. Wọ́n fi tiwa hàn wá kíá, mo sì fún wọn ní máàkì lórí ìyẹn.

Bíríkì pẹlẹbẹ tí wọ́n fọwọ́ mọ ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan nínú ilé ìdáná ní ojú ẹsẹ̀ ajá lára: ajá ló tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì tutù, wọ́n sì sun ún bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn pé wọn ò yọ ọ́ dànù.

Òtútù ńkọ́? Wọ́n ti tan ẹ̀rọ amúlégbóná ká tó dé, síbẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ò bọ́ kóòtù. Páìpù gáàsì ìlú ò dé òkè yẹn, táǹkì ni wọ́n rì sínú ọgbà, ẹ sì máa rà á kún un ni. Omi, inú kànga ló ti ń wá. Mo ní ṣé ó ń tó lóṣù August, ajẹ́ńtì ní kò tíì gbẹ rí. Mo béèrè àbájáde àyẹ̀wò omi, ó ní òun máa fi ránṣẹ́. Kò fi ránṣẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìwé. Ìjọba ti ka ilé náà mọ́ ohun àjogúnbá, lábẹ́ òfin 42 ọdún 2004. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé kan, ẹ máa kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ Soprintendenza, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ohun àjogúnbá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọwọ́ síwèé níwájú notaio, ìyẹn amòfin tí òfin yàn láti fìdí ìwé títà ilé múlẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí láàárín ọjọ́ 30, ìjọba sì ní ọjọ́ 60 láti sọ pé òun fẹ́ ra ilé náà ní iye tí ẹ rà á gan-an. Títí ọjọ́ yẹn á fi pé, olówó ilé ò lè kó kọ́kọ́rọ́ fún yín. Àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ tó bá oko náà pààlà lè lẹ́tọ̀ọ́ àtikọ́kọ́ ra oko, ọjọ́ 30 ni tiẹ̀. Owó orí ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ 9% lórí ilé àti 15% lórí oko fún ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀. Ẹ̀dínwó tó ń jẹ́ kí ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́ san 2% dípò 9% kò kan ilé tí ìwé ìjọba bá pè ní A/9, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń to ilé olódi sí. Àǹfààní kan wà ṣá: nínú ìṣirò owó ilé ọdọọdún, ìdajì iye ilé àjogúnbá ni wọ́n ń kà.

Ibi tí ara fu mí ni adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́. Ó wà lẹ́bàá odi, ó rẹwà, kò sì sí nínú pléènì tí wọ́n kó fún wa. Nígbà tí mo béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀, ajẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wa pé àwọn ará Amẹ́ríkà kan ń bọ̀ lọ́la, kí a tètè sanwó àsansílẹ̀. Lekki ni o, Perugia ni o, ajẹ́ńtì ajẹ́ńtì ni. Owó àsansílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní caparra kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: bí ẹ bá yẹ àdéhùn, ó lọ nìyẹn, bí olówó ilé bá yẹ̀ ẹ́, ìlọ́po méjì ló máa san padà. Ẹ̀gbọ́n mi ò san kọ́bọ̀. Wọ́n gba geometra tiwọn, ìyẹn àwọn tó ń wọn ilẹ̀ tí wọ́n sì ń yẹ ìwé ilé wò, kó lọ wádìí ní ọ́fíìsì ìlú.

Ẹni tó fẹ́ bá ìdílé rẹ̀ gbé ibẹ̀ lè rà á bí ìwé adágún bá jáde. Fún òwò àríyá, èmi ò gbà á níyànjú. Ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ tó gun òkè náà tóóró, ó sì ga. Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n mi bi ajẹ́ńtì kẹ́yìn nìyẹn: "Bọ́ọ̀sì tó bá gbé àlejò wá, níbo ló ti máa yí padà?" Ó ní kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn gòkè. Pẹ̀lú gèlè àti bàtà gogoro!