Ìgò ọṣẹ kéékèèké tàbí ìgò ara ògiri: èwo ló yẹ ilé ìtura?

Ilé ìtura tó bá fẹ́ dín ike tó ń dà nù kù sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti balùwẹ̀. Ìgò kékeré ń gba nǹkan bíi mílílítà 30. Èyí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ń gba nǹkan bíi 300.

Ìgò kékeré kò gba owó ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń náni lówó: àlejò alẹ́ kan lè má lo ìdajì rẹ̀, ìyókù á di ìdọ̀tí. Ti ògiri ń gba owó ìgò àti owó ẹni tó máa kàn án, àmọ́ ọṣẹ inú kẹ́ẹ̀gì lítà 5 máa ń dínwó ju ti inú ìgò kékeré lọ.

Ìtúnkún gan-an ni ewu wà. Bí òṣìṣẹ́ bá ń da ọṣẹ tuntun lé àṣẹ́kù lórí, kòkòrò àrùn lè máa pọ̀ sí i nísàlẹ̀ ìgò. Ẹ jẹ́ kó tán, ẹ fi omi gbígbóná fọ ìgò àti ẹnu tí wọ́n ń tẹ̀, kó gbẹ pátápátá, kí ẹ tó rọ òmíràn sí i. Ẹ ra èyí tó ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà da nǹkan mìíràn sínú rẹ̀.

Òfin náà tún wà níbẹ̀: California ti fòfin de ìgò ike kéékèèké ní gbogbo òtẹ́ẹ̀lì láti 2024.

Níbi tí yàrá ti pọ̀, tí òṣìṣẹ́ sì ń ráyè fọ ìgò, ti ògiri ló dára jù. Níbi tí yàrá kò ju mẹ́ta lọ, tí kò sí ẹni tó máa fọ̀ ọ́, ìgò kékeré ṣì mọ́ tónítóní jù, bí òfin ibẹ̀ bá gbà á.