Hertha tàbí Union?

Àbúrò mi l'Ágríìkì, ní Ìkòròdú níbí, bi mí pé nínú Hertha àti Union, kíláàbù bọ́ọ̀lù méjì láti Berlin, olú-ìlú Jámánì, èwo ni kí òun máa tì lẹ́yìn.

Hertha ló dàgbà jù: 1892 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì gba ipò kìíní ní Jámánì ní 1930 àti 1931. Láti 2019, olówó kan da owó tó lé ní 370 mílíọ̀nù yúrò sí i. Pàbó ló já sí. Kóòṣì ń lọ, kóòṣì ń bọ̀, títí wọ́n fi já sí líìgì kejì ní 2023. Ó dùn mí wọra.

Union kò lówó tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí pápá wọn fẹ́ di àlàpà ní 2008, àwọn alátìlẹ́yìn tó lé ní 2,000 ló fọwọ́ ara wọn tún un kọ́, láìgba kọ́bọ̀. Títí dòní, ìdúró ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń wòran níbẹ̀. Ní 2023, wọ́n dé Champions League, ìdíje àwọn kíláàbù ńlá Yúróòpù!

Union lèmi mú, àbúrò. Ikorodu City, kíláàbù tiwa, gòkè sí líìgì àgbà ní 2024, síbẹ̀ pápá Oníkan ní Erékùṣù Èkó ló ti ń gbàlejò ní sáà yẹn. Bí wọ́n bá ní ká wá po sìmẹ́ńtì fún pápá tiwa lọ́la, ṣọ́bìrì mi wà lẹ́yìn ilé.